Àìsàn Ọpọlọ Tó Bá Atukọ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ìkòròdú Ń Bi Mí Lórí Owó Gbà-Máà-Bínú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú omi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì kàwé dókítà, àbúrò atukọ̀ ni mí, ní Ìpakodò níbí n'Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi fún ọdún mọ́kànlá, àwọn tí wọ́n ń pè ní oiler. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan nínú wọn wọ inú táǹkì tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dé e pa, kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, ó kú síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó fà á jáde. Oṣù márùn-ún ló tún lò lórí ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí mẹ́fà iṣẹ́, wákàtí mẹ́fà ìsinmi, àmọ́ oorun ò wá. Ìgbà tó délé, á dìde láàárín òru á máa pariwo pé alámù ti dún, kí gbogbo wa jáde. A ní ayé ló ń ṣe é. Oṣù mẹ́rìnlá la fi gbé e kiri, orí òkè, ilé alfa, ilé oníṣègùn, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó kọ lẹ́tà sí éjẹ́ǹtì tó fi í síṣẹ́. Ìgbà tá a wá kọ ọ́, wọ́n ní kò sí rípọ́ọ̀tù, wọ́n ní àsìkò ti lọ, owó ọsibítù nìkan la padà rí gbà, ìyẹn náà lẹ́tà lọ́yà ló fà á jáde.

Àtìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń wá bá mi, ìyàwó atukọ̀, ìyá atukọ̀, àwọn atukọ̀ fúnra wọn. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń sanwó lórí àìsàn ọpọlọ ni? Mo rò pé ẹni tó gé lọ́wọ́ tàbí tó dá lẹ́sẹ̀ nìkan ni.

Wọ́n ń san án, ó sì wà nínú ìwé òfin. Òfin tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act, tọdún 2010, òun ló rọ́pò Workmen's Compensation àtijọ́, NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, ló ń bójú tó o. Apá 8 òfin yẹn, ọ̀rọ̀ ìdààmú ọkàn ló dá lé. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀. Èkíní, kí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ lójijì lẹ́nu iṣẹ́, nǹkan tẹ́nìkan ò retí, kí ọkàn òṣìṣẹ́ náà sì dàrú lórí ẹ̀. Èkejì, kí dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì sọ pé irú iṣẹ́ tó ń ṣe tàbí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló fa àìsàn náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ti ẹ̀gbọ́n mi bá méjèèjì mu.

Ibì kan wà tí òfin yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́. Tó bá jẹ́ ìpinnu ọ̀gá ló dá ìdààmú náà sílẹ̀, bíi kí wọ́n yí iṣẹ́ ẹ padà, kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n dá a dúró, wọn ò ní san án lábẹ́ apá yẹn. Torí náà ẹ má lọ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìgbà tí wọ́n lé e lórí ẹ̀ dàrú, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó lé e tí kò ti sùn mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin àgbáyé àwọn atukọ̀ náà wà, Maritime Labour Convention, MLC 2006, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn náà. MLC ò pín àìsàn sí ti ara àti ti orí, àìsàn ni gbogbo ẹ̀. Kódà nínú ìwé tí ILO fi to àwọn àìsàn tí iṣẹ́ ń fà, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2010, PTSD wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, ìyẹn àìsàn tó máa ń mú ẹni tí ojú ẹ̀ ti rí nǹkan tó burú jù, tí nǹkan ọ̀hún ò kúrò lójú ẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Báwo la ṣe máa fi hàn pé iṣẹ́ ojú omi ló fà á?

Màmá, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn, torí ohun tí ìyá tiwa náà sọ nìyẹn. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ lọ́jọ́ kan náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí dókítà kọ déètì ọjọ́ yẹn sílẹ̀. Àdúrà ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ lẹ́tà.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa fi hàn, ẹ ronú sí bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnì, ariwo ni tọ̀sán-tòru, ooru, inú ilé irin, kò rí ìyàwó, kò rí ọmọ, nígbà míì oṣù mẹ́sàn-án, ẹni tó ń dà á láàmú náà ló tún máa bá jẹun lálẹ́ torí kò síbi tó fẹ́ gbà lọ. Òfin MLC ní kí atukọ̀ ní ìsinmi wákàtí 10 ó kéré tán láàárín wákàtí 24, kó sì tó wákàtí 77 láàárín ọjọ́ méje. Ìwé kan wà lórí ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ wákàtí ìsinmi sí, atukọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà tiẹ̀. Tí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tó ń sọ fún yín lórí WhatsApp, pé "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, aago méjì òru ti kọjá, wọ́n tún ti ń pè mí", ẹ̀rí ni voice note yẹn. Ẹ má pa á rẹ́, tí fóònù bá kún, fọ́tò ọjọ́ ìbí ni kẹ́ ẹ yọ.

Ẹ tún kó kọ́ńtíráàtì ẹ̀ jọ, discharge book, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn ọkọ̀ tó ti wọ̀ sí, ìwé owó oṣù, àti ìwé àyẹ̀wò tó ṣe kó tó wọ ọkọ̀. Ìwé àyẹ̀wò yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí òun ló sọ pé ara ẹ̀ dá ṣáṣá ọjọ́ tó ń lọ. Ẹ gba nọ́ńbà méjì mẹ́ta lára àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, àwọn tó rí i nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ tàbí tí kò jẹun mọ́. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní kíá, torí àwọn atukọ̀ máa ń pààrọ̀ líìnì, ẹlòmíì á ti wọ ọkọ̀ míì, ẹ ò ní rí i fún oṣù mẹ́fà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé lánàá ni. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ jókòó kọ lẹ́tà. Lónìí. Lábẹ́ òfin 2010 yẹn, ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí ẹ̀ ní láti fi tó ilé iṣẹ́ létí, ilé iṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Fọ́ọ̀mù owó gbà-máà-bínú fúnra ẹ̀, láàárín ọdún kan ni kó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ìdí pàtàkì bá wà tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ mú un wá, wọ́n lè gbà á títí dé ọdún mẹ́ta, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé ìdí yẹn, kò sì rọrùn, mo ti ṣe é rí.

Lẹ́tà náà ò ní láti gùn. Orúkọ ẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ojú omi, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, àti pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n sì fi tó àwọn tó yẹ létí. Ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì àti sí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, kẹ́ ẹ tún mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì wọn kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Tí wọn ò bá fẹ́ lu òǹtẹ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ẹ má ṣèyọnu, mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí fóònù", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà yín. Éjẹ́ǹtì tiwa dáa lẹ́nu gan-an, ó ń pè wá, ó ń kí màmá, ó tiẹ̀ fi owó ọdún ránṣẹ́, kò sí ohun kan tó kọ sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọjọ́ 14 ti kọjá, ẹ má torí ẹ̀ jókòó. Òfin ní tí NSITF bá rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ò tíì tì pátápátá. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ló ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, wọ́n ti mọ̀ nìyẹn.

Ọkọ mi ṣì wà lójú omi, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ń sọ pé òun ò mọ ìdí tóun fi wà láyé. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe láti ibí.

Aya wa, èyí ò ní dúró dọ̀la o. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ lèyí. Ẹ pe éjẹ́ǹtì báyìí, ẹ sọ fún un ní tààrà pé ẹ̀mí ọkọ yín wà nínú ewu, kó pe ọ̀gá ọkọ̀, kí wọ́n má ṣe dá a fi sílẹ̀ nìkan, kẹ́ ẹ sì kọ ohun kan náà ránṣẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ lè pe dókítà láti orí omi, ilé iṣẹ́ kan wà ní Róòmù tí wọ́n ń pè ní CIRM, láti 1935 ni wọ́n ti ń gba àwọn tó ṣàìsàn lórí òkun nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ yín fúnra ẹ̀ tún lè bá SeafarerHelp sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ ISWAN tó ń ran àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni, wọ́n ń gbọ́ èdè púpọ̀, ẹ̀yin ẹbí náà lè kàn sí wọn. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó ṣe ọkùnrin.

Tó bá ṣì wà lórí ọkọ̀, tí kò tíì dé bẹ̀ yẹn, àmọ́ tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun ńkọ́?

Kó lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ tàbí igbákejì ẹ̀ tó ń bójú tó oògùn, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn ọkọ̀. Kó gba déètì. Kó ní òun fẹ́ rí dókítà ní èbúté tí wọ́n bá kàn, MLC fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ní tí ọ̀gá bá ti gbọ́ pé orí ń dàrú, wọn ò ní pè wọ́n mọ́. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe irọ́, ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀, tó wá délé tán tó wá ń sọ pé orí ọkọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa bi í ni pé ta lo sọ fún. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ló ń lù ú tàbí ń fìyà jẹ ẹ́, MLC ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ẹ̀sùn wá lórí ọkọ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá mú un wá.

Owó wo gan-an ló tọ́ sí i? Ẹ sọ ọ́ kó yé wa.

Oríṣiríṣi ni, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Owó ìtọ́jú: lábẹ́ MLC, ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa san dókítà, oògùn, oúnjẹ àti ibùgbé títí ara ẹ̀ fi máa yá tàbí títí dókítà á fi sọ pé àìsàn náà ò ní lọ mọ́. Òfin orílẹ̀-èdè lè fi ààlà sí i, àmọ́ ààlà yẹn ò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 16 látọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù náà wà: gbogbo owó oṣù ẹ̀ pátá títí wọ́n fi máa gbé e délé, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ tàbí apá kan, bí òfin tàbí àdéhùn bá ṣe wí, ọ̀sẹ̀ 16 náà ni ààlà tó kéré jù. Owó ọkọ̀ òfuurufú tó fi dé Nàìjíríà, tiwọn ni, wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó ẹ̀ torí pé ó ṣàìsàn.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan owó gbà-máà-bínú fúnra ẹ̀, ìyẹn owó ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ yẹn mọ́ tàbí tí agbára ẹ̀ ti dín kù. Lọ́dọ̀ NSITF, ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ rárá mọ́ láéláé, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà ni wọ́n ń ṣírò fún un lóṣooṣù. Ẹni tó ń gba 400,000 náírà, 360,000 nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ló ń dá owó yẹn sí àpò NSITF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ fún un.

Tó bá ní àdéhùn yúníọ̀nù, irú èyí tí ITF, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, fọwọ́ sí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ disability, ìyẹn àléébù. Nínú púpọ̀ nínú wọn, tí dókítà bá ní àléébù náà tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á kà á sí ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ ojú omi mọ́, gbogbo owó náà pátá ni wọ́n máa san. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú inú ka gbólóhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ń sọ̀rọ̀ "ìjàǹbá" níbẹ̀, wọn ò sọ "àìsàn". Tó bá jẹ́ ìjàǹbá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, iná jó, ènìyàn kú lójú ẹ̀, ọkọ̀ ń rì, ẹ jẹ́ kí dókítà so àìsàn náà mọ́ ọjọ́ ìjàǹbá yẹn nínú ìwé tó bá kọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ claim ti ń kú nìyí, dókítà á kàn kọ "depression", kò ní sọ ibi tó ti wá.

Nàìjíríà kọ́ ló ni ọkọ̀ tó wọ̀, àsíá Panama ló wà lórí ẹ̀, àwọn Gíríìkì ló ni ín. Ta ni ká mú?

Kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ló máa sọ. Ẹ wò ó lábẹ́ "shipowner", kì í ṣe orúkọ éjẹ́ǹtì nìkan. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kìíní ọdún 2017, MLC ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ní ìnṣọ́ráǹsì tó máa san owó ikú àti owó àléébù tó ti ibi iṣẹ́ wá, àìsàn tí iṣẹ́ fà wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ sátífíkéètì ìnṣọ́ráǹsì yẹn síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i lórí ọkọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìnṣọ́ráǹsì tí wọ́n ń pè ní P&I club ló sábà máa ń wà lórí ẹ̀. Atukọ̀ tàbí ẹbí ẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí wọn ní tààrà, kò di dandan kó gba ọwọ́ éjẹ́ǹtì kọjá. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa tó bá ń lọ láti Ìkòròdú níbí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò òkun, ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ọmọ Philippines ní tiwọn, 60,000 dọ́là ni wọ́n ń san. Ṣé kò kan tiwa?

Rárá o, tiwọn nìyẹn. Ìjọba wọn ní kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo tí gbogbo atukọ̀ wọn ń lò, ipele àléébù 14 ló wà níbẹ̀, èkíní ló ga jù, òun ni 60,000 dọ́là. Òfin tiwọn ní kí atukọ̀ yọjú sí dókítà ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta tó bá délé, dókítà náà ní ọjọ́ 120 láti sọ bó ṣe rí, ó lè dé 240 tó bá nídìí. Kóòtù tó ga jù níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní 2006, nínú ẹjọ́ ẹnì kan tí ọkàn ẹ̀ dàrú lórí ọkọ̀, pé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan bá gbá orí nìkan ni wọ́n ń sanwó àìsàn ọpọlọ. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ kọ ọjọ́ 120 àti ipele kìíní sínú lẹ́tà yín ní Èkó níbí, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí. Èyí tó dáa láti kọ́ lára wọn ni ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ká yọjú sí dókítà ní kíá.

Wọ́n mú ìwé wá, wọ́n ní kó sáìn, wọ́n máa fún un ní 500,000 lójú ẹsẹ̀. Kó gbà á?

Kó má sáìn títí ẹlòmíì tó mọ òfin á fi kà á. MLC sọ ọ́ ní kedere pé wọn ò gbọdọ̀ fúngun mọ́ atukọ̀ láti gba iye tó kéré sí èyí tó wà nínú kọ́ńtíráàtì ẹ̀. Tí wọn ò bá tíì lè mọ bí àléébù náà ṣe máa tó, torí àìsàn ọpọlọ kì í yára fi ara hàn, wọ́n lè san díẹ̀ sílẹ̀ ná kó má bàa jìyà. Òfin 2010 tiwa náà ní àdéhùn tí òṣìṣẹ́ bá fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ilé iṣẹ́, asán ni. Mo mọ̀ pé ebi ń pani, mo mọ bí owó ilé ìwé ọmọ ṣe máa ń rí. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba owó náà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé apá kan ni, pé kò pa ẹ̀tọ́ yòókù rẹ́. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá dá wọ yàrá yẹn lọ.

Ó ti ṣe é rí kó tó wọ ọkọ̀, ní 2016, a ò sọ fún wọn. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ibi tó le nìyí. MLC ní ẹni tó ni ọkọ̀ lè bọ́ lórí àìsàn tí atukọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ nígbà tó ń gba iṣẹ́. Mọ̀ọ́mọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé àìsàn ni, tó rò pé ó kàn ń ronú nígbà tí bàbá ẹ̀ kú, yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù tó wá kọ "rárá" sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ sọ òtítọ́ fún lọ́yà yín, kó mọ bó ṣe máa gbé e. Ẹ má ṣe ya ojú ìwé kankan jáde nínú ìwé ọsibítù, wọ́n á rí i.

Ajínigbé orí omi ló mú wọn. Wọ́n ní owó oṣù ẹ̀ dúró lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ.

Irọ́ ni. Àtúnṣe MLC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ní kọ́ńtíráàtì ò ní kú, owó oṣù ò sì ní dúró, ní gbogbo ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ àwọn olè ojú omi, bí ọjọ́ kọ́ńtíráàtì ẹ̀ bá tiẹ̀ ti pé. Àìsàn tó bá sì bá a bọ̀ láti ibẹ̀, ọ̀nà èkíní nínú apá 8 òfin 2010 tiwa ni.

Wọ́n ní ó bá ọ̀gá jà, wọ́n kọ ọ́ pé ìwà ẹ̀ ò dáa, kì í ṣe àìsàn.

Èyí wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń dàrú lè jà, lè mutí, lè kọ̀ láti jáde nínú yàrá, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Òfin yọ ìwà tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ hù kúrò, lóòótọ́, àmọ́ dókítà ọpọlọ ló lè sọ bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà yẹn. Ẹ ní kó sọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù.

Dókítà wo?

Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ. Ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín, láti Ìkòròdú níbí ẹ lè lọ sí Yábàá, ọsibítù ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, Aro náà wà l'Abẹ́òkúta, LASUTH n'Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ilé iṣẹ́ lè ní dókítà tiwọn, ẹ lọ bá a, kí wọ́n má bàa ní ẹ kọ̀, àmọ́ ẹ ní tiyín náà. Nǹkan tó yẹ kó wà nínú ìwé ẹ̀: orúkọ àìsàn, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó fà á lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí kò lè ṣe mọ́, bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ sọ fún dókítà pé owó gbà-máà-bínú lẹ fẹ́ fi ìwé náà gbà, kó mọ bó ṣe máa kọ ọ́. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá ti lọ sí Yábàá, wọ́n á sọ wọ́n ní wèrè. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó gbé òfin àtijọ́ tó ń pe èèyàn ní "lunatic" jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ yan ẹnikẹ́ni jẹ torí àìsàn ọpọlọ.

Ọmọ mi kì í lọ sí òkun, ferry ló ń wà ní Èbúté níbí. Àbúrò ẹ̀ ń bá wọn pẹja l'Ẹ́pẹ́. Ṣé ó kàn wọ́n?

Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ló gba ọmọ yín tó ń wa ferry, òfin 2010 kàn án. Àwọn apẹja, MLC ò kàn wọ́n, òfin yẹn fúnra ẹ̀ yọ ọkọ̀ ẹja kúrò, àmọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́ lórí ọkọ̀ ẹja ńlá wà lábẹ́ òfin 2010. Ẹni tó ń dá pẹja fún ara ẹ̀ ló ṣòro, kò sí ọ̀gá tó máa mú.

A ò lówó lọ́yà.

Ẹ lọ sí yúníọ̀nù. Maritime Workers Union of Nigeria wà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá orí ọkọ̀ náà wà, ITF sì ní aṣojú l'Ékòó tó máa ń wọ inú ọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. NIMASA ni ìjọba fi ṣe alábòójútó MLC ní Nàìjíríà, ẹ kọ ẹ̀sùn sí wọn pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé yín. Legal Aid Council ń ran ẹni tí ò lówó lọ́wọ́. Tí NSITF bá kọ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un wò, lẹ́yìn ìyẹn National Industrial Court ló kàn. Lọ́yà tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní ìdajì owó náà kó tó ka ìwé yín, ẹ wá ẹlòmíì.

Tí ara ẹ̀ bá yá, ṣé ó lè padà sójú omi?

Ó ṣeé ṣe, ó dọwọ́ àyẹ̀wò. Ìwé àyẹ̀wò atukọ̀ ò kọjá ọdún méjì, wọ́n lè ní ara ẹ̀ dá, wọ́n lè fi ààlà sí i, wọ́n lè ní kò dá. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí kí dókítà míì tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ tún un wò. Kó sì bá lọ́yà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò náà, torí ẹni tó ń bèèrè owó pé òun ò lè ṣiṣẹ́ ojú omi láéláé, tó tún lọ gba ìwé pé ara òun dá, wọ́n á gbé ìwé yẹn jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ò padà. Ó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kéékèèké ṣe ní Èbúté níbí, ó ń lo oògùn ẹ̀, ó ń sùn. Inú ilé onípákó tí kò ní ilẹ̀kùn ló ń ṣiṣẹ́, ó ní òun ò fẹ́ ibi tí wọ́n lè dé pa.